Ẹran Tí A Fẹ́ Jẹ Ní Ẹ̀tọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ẹni tó bá ń ná ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, yóò ti rí i. Oní-zémíjàn á dé láti ọ̀nà Adjarra, adìẹ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á rọ̀ sára ọ̀kadà rẹ̀, okùn á so ẹsẹ̀ wọn pọ̀, orí wọn á dojú kọ ilẹ̀, eruku á máa fọ́ sí wọn lójú. Ewúrẹ́ á dé lórí ọkọ̀, wọ́n á ti dì í tọwọ́tẹsẹ̀ sáàárín ẹrù. Màlúù tí wọ́n kó láti Paraku á ti dúró nínú ọkọ̀ akẹ́rù fún ìrìn tó ju 400 kìlómítà lọ. Èyí tó bá ti Malanville bọ̀, ìrìn tirẹ̀ ju 700 kìlómítà lọ. Bí wọ́n bá sì sọ̀ kalẹ̀, inú oòrùn ni wọ́n sábà máa ń so wọ́n mọ́, omi sì lè má kan ẹnu wọn títí alápatà yóò fi dé.

Gbogbo wa ń rí i, a sì ń kọjá lọ. Ojú wa ti mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ jà fún nínú àròkọ yìí kò gùn: ẹran jíjẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹran tí a máa jẹ ní ẹ̀tọ́ méjì lọ́wọ́ wa. Èkíní ni pé kí ó gbé ayé tó bá irú ẹ̀dá rẹ̀ mu. Èkejì ni pé kí ikú rẹ̀ yá, kí ẹ̀rù má sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san gbèsè méjì yìí, kò yẹ kí ó jẹ ẹran náà.

Ìdáhùn tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ẹran lásán ni, kí ni ẹran mọ̀? Ẹran mọ ìrora. Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí pé ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bó ṣe ń dùn ún. Àwọn àgbà ń fi òwe yẹn bá èèyàn wí lórí bó ṣe ń ṣe sí ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìrora ọmọ ẹyẹ ni wọ́n gbé e kà. Bí ẹyẹ kò bá mọ ìrora, òwe náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa kà sí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tún fọwọ́ sí ní Yunifásítì Cambridge ní oṣù keje ọdún 2012. Wọ́n ní ọpọlọ ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ti ẹyẹ ní ohun tó ń mú kí ẹ̀dá mọ ohun tó ń ṣe òun. Ewúrẹ́ tó ń ké lórí ọkọ̀ mọ̀ pé òun ń jìyà.

Ẹ̀sìn mẹ́ta ló ń gbé pọ̀ ní Àjàṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ka ẹran sí igi tàbí òkúta. Àwọn Mùsùlùmí mọ hádíìsì tí Shaddad ibn Aws gbà wá, tí Ímáàmù Muslim kọ sínú àkójọ rẹ̀, pé Ọlọ́run ti sọ ìṣe rere di dandan nínú ohun gbogbo, títí dé orí ẹran pípa: ẹni tó máa dúńbú, kí ó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kí ó mú, kí ó fún ẹran ní ìsinmi. Àwọn àáfà sì ń kọ́ni pé a kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, a kì í sì í pa ọ̀kan níṣojú èkejì. Nínú Bíbélì, orí karùndínlọ́gbọ̀n ìwé Deutarónómì kọ̀ fún àgbẹ̀ láti dí màlúù tó ń pa ọkà lẹ́nu, ìwé Òwe orí kejìlá sì ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní èèwọ̀ ìdílé, kálukú ló mọ ẹran tí ilé rẹ̀ kì í jẹ. Ní Ouidah, kò sẹ́ni tó jẹ́ pa erè Dàngbé. Ìyẹn ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti gbà pé ààlà wà lórí ohun tí ọmọ ènìyàn lè fi ẹran ṣe. Ibi tí ààlà náà yẹ kó wà ló kù tí a ní láti sọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n fà á jìnnà ju bí mo ṣe fà á lọ, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ọdún 1975, Peter Singer, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ọsirélíà, tẹ ìwé Animal Liberation jáde. Ó ní ìyà kan náà ni ìyà, ìbáà jẹ́ èèyàn ló ń jẹ ẹ́ tàbí ẹran, kò sì tọ́ kí a fojú kéré ti ẹran nítorí pé kì í ṣe ẹ̀yà tiwa. Ní 1983, Tom Regan ará Amẹ́ríkà lọ síwájú sí i: ó ní ẹranko ní ayé tirẹ̀ tó ń gbé fún ara rẹ̀, nítorí náà, bí a tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ di ohun èlò, kí a wá pa á jẹ. Ní ti ìyà, mo gba ti Singer. Ibi tí èmi àti Regan ti pínyà ni orí ikú.

Ìdáhùn kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fún Regan tí n kò ní í fara mọ́: pé àwa ni a sin ẹran, pé bí kì í bá ṣe tiwa, kò ní sí láyé rárá, nítorí náà ohun tó wù wá la lè fi ṣe. Bàbá tó bí ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ láti fi iná jó o. Ẹni tó mú ẹ̀dá wá sáyé, ẹrù tirẹ̀ ló wúwo jù.

Ìdí tèmi ni èyí. Èèyàn ń gbé lónìí, ó sì ti ń gbé nínú ọ̀la. Ó ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn, ó ń dá owó ilé ìwé ọmọ jọ, ó ń kọ́ ilé tí kò tíì parí. Bí ikú bá mú un, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dé ibi tí òye wa dé, ewúrẹ́ kò gbé ọ̀la lé àyà báyẹn. Ohun tí ikú tó yá gbà lọ́wọ́ ewúrẹ́ kéré sí ohun tí ó gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n òùngbẹ, ẹ̀rù àti ìrora ń bá ewúrẹ́ bí wọ́n ṣe ń bá wa. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní pa gbogbo ẹnu mọ́. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tó tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí tí a fi lè jẹ ẹran ni pé ikú tó yá kò gba púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ìgbà tí ikú náà bá yá, tí ìyà kò sì ṣáájú rẹ̀, nìkan ni àṣẹ náà wà. Ẹni tó bá pa ẹran lẹ́yìn ìyà ti gba àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun tó wà nínú ìkòkò wa. Adìẹ inú yìnyín ni ká fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló pọ̀ jù tí a kì í sì í rí ìyà rẹ̀. Láti Yúróòpù, Bràsílì àti Amẹ́ríkà ni ó ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu. A ń jẹ lára rẹ̀ níbí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò wọ Nàìjíríà ní fàyàwọ́, nítorí pé Nàìjíríà ti fòfin dè é láti ọdún 2003. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, adìẹ yìí wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà, pẹ̀lú ìrẹsì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, owó, iṣẹ́ àwọn tó ń sin adìẹ nílé àti ìlera ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni à ń bá ara wa fà. Ọ̀rọ̀ adìẹ fúnra rẹ̀ kì í sábà wọ inú ìjà náà.

Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá ní Adjarra ń lò tó oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó tó pa. Ó ti tan ilẹ̀, ó ti wẹ eruku, ó ti sùn lórí igi. Adìẹ ilé iṣẹ́ ńlá kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láyé. Wọ́n ti fi ọgbọ́n ìbísí sọ ọ́ di ẹni tí igẹ̀ rẹ̀ ń yára sanra ju bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè gbé e lọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń tiro kí ọjọ́ ikú tó pé. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 gbà kí ìwọ̀n adìẹ tó wà lórí mítà onígun mẹ́rin kan ṣoṣo tó kílò 42. Bí adìẹ kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀wọ̀n tó kílò méjì, adìẹ mọ́kànlélógún ló ń gbé orí mítà onígun mẹ́rin kan náà. Yúróòpù ni mo sì ń wí, níbi tí òfin ti le ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ. Ju bílíọ̀nù 70 adìẹ lọ ni wọ́n ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, ọ̀nà yìí sì ni wọ́n fi ń sin èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwa náà ti ń kọ́ ọ: Yúróòpù fòfin de kéèjì wáyà tóóró tí adìẹ ẹlẹ́yin kò ti lè na apá jáde láti ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n ṣì ń tà á, wọ́n ṣì ń rà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀làjú.

Ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ tí mo kà sílẹ̀, kò sí i nínú ayé adìẹ yìí. Ìdí tí ó fi pọ́ọ́kú lọ́jà ni pé wọ́n ti yọ àyè, afẹ́fẹ́ àti ọjọ́ orí kúrò nínú ohun tí a ń sanwó fún. Adìẹ náà ló ti fi ara rẹ̀ san ìyókù.

Nítorí èyí ni inú mi kì í fi í dùn nígbà tí àwọn tó ń jẹ adìẹ inú yìnyín bá ń pe ẹlẹ́bọ ní ìkà. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní 1987, ìjọ kan ti àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn olórìṣà, tó ń jẹ́ orúkọ Babalú Ayé, Ọbalúayé tí àwa náà mọ̀, fẹ́ ṣí ilé ìsìn ní ìlú Hialeah ní Florida. Ìgbìmọ̀ ìlú sáré ṣe òfin tó ka ẹran pípa fún ẹbọ léèwọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fagi lé òfin náà, gbogbo adájọ́ ló sì fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n rí i pé òfin náà fàyè gba apẹja, ọdẹ àti ilé ìpẹran. Olórìṣà nìkan ló dojú kọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Bràsílì náà dájọ́ pé ẹbọ ẹlẹ́ran nínú ẹ̀sìn àwọn ọmọ Áfíríkà ibẹ̀ kò tako òfin ilẹ̀ wọn. Àjàṣẹ́ mọ Bràsílì, nítorí ìdílé Àgùdà tó ti ibẹ̀ padà wá wà láàrin wa. Bràsílì yìí kan náà ni kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ta adìẹ sí òkèèrè tó o. Adìẹ ẹbọ tó dàgbà ní àgbàlá, tí ọ̀bẹ mímú pa lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn èèyàn sì pín jẹ, gbé ayé tó sàn ju ti èyí tó wà nínú páálí lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò dá ẹlẹ́bọ láre pátápátá. Ẹni tó bá so òbúkọ mọ́ igi lójú oòrùn fún ọjọ́ méjì láìfún un lómi, kí ọdún Vodun inú oṣù kìíní tó pé, ti jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbé àgbò Iléyá sínú búùtù ọkọ̀ láti Kútọnu, tó sì jẹ́ kí ọmọdé fi ọ̀bẹ kíkú gbìyànjú ọrùn rẹ̀. Orúkọ Ọlọ́run tàbí orúkọ òrìṣà tí a pè sórí ẹran kò pa ìyà tó ti jẹ rẹ́.

Ẹnìkan á ní ọ̀nà àbáyọ ti wà níwájú wa ní Ouando, ní Songhaï. Fadà Godfrey Nzamujo ti ẹgbẹ́ Dominiki ló bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ní ọdún 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan, ó sì ti di ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, pàǹtírí ń di ìdin, ìdin ń di oúnjẹ ẹja àti adìẹ, omi ẹja ń lọ sórí ẹ̀fọ́. Ìmọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ kí Àjàṣẹ́ máa fi yangàn. Ó fi hàn pé a lè bọ́ ìlú láìkó adìẹ wá láti òkè òkun. Síbẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí àìfiṣòfò gba ipò àánú lọ́kàn wa. Oko lè wà tí ohunkóhun kò ṣòfò níbẹ̀, kí ẹran inú rẹ̀ máà ráyè yí ara padà. Ìbéèrè kejì ni kí àwọn tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ wa máa fi kún ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn "Kí ni a rí nínú ẹran yìí?", kí wọ́n tún bi wọ́n pé, "Báwo ni ayé ṣe rí fún un?"

Àtakò tó wúwo jù kù. Àwọn kan á ní ilé tí kò tíì rí ẹran jẹ ní ìgbà méjì lọ́sẹ̀ ni mo fẹ́ máa wàásù ẹ̀tọ́ ẹran fún, pé ká kọ́kọ́ rí ti èèyàn rò. Òótọ́ ni pé ebi ń pa èèyàn. Ẹ jẹ́ ká wá wo iye tí ohun tí mo ń béèrè máa ná wa. Àgò tí àwọn ìyá wa fi ń kó adìẹ lọ sọ́jà kò wọ́n. Adìẹ á jókòó nínú rẹ̀, orí rẹ̀ á wà lókè. Garawa omi kan àti ìbòjì páànù ní ìdí ẹran kò lè sọ ẹnikẹ́ni di tálákà. Ọ̀bẹ mímú kò wọ́n ju ọ̀bẹ kíkú lọ. Ẹran tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu kó tó kú máa ń dúdú, á gbẹ, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, gbogbo alápatà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àìsàn náà ń bẹ ńbẹ̀. Ibi tí ẹran bá ti há mọ́ra, tí àárẹ̀ sì ti mú un, ni àìsàn ti ń yára ràn. Gúúsù Bẹ̀nẹ̀ rántí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ọdún 1997, Adjarra àti Kútọnu sì ni àìsàn adìẹ H5N1 ti kọ́kọ́ yọjú ní orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù kejìlá ọdún 2007.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nítorí èrè nìkan ni. Bí kò bá tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ kan tí a máa rí níbẹ̀, ìyà tí kò nídìí ṣì burú. Tálákà tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ní mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju èmi lọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ mi ń bá wí jù ni àwa tí a lówó láti yàn. Ẹni tó lè jẹ ẹran lójoojúmọ́ lè fi ẹ̀wà, ẹ̀pà, wàrà àti wàrà sójà rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, kí ó wá fi owó tó ṣẹ́ kù ra adìẹ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan ní Adjarra tàbí Avrankou. Ẹran rẹ̀ á dín kù, adìẹ tí yóò jẹ á ti gbé ayé, owó rẹ̀ á sì wà nílé.

Kí ni kí ìjọba ṣe? Ọ̀pọ̀ ọjà àti ilé ìpẹran wà lábẹ́ àṣẹ kọ́múùnù ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà, a kò ní láti dúró de ilé aṣòfin kí Àjàṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí kọ́múùnù ka dídorí adìẹ àti ewúrẹ́ kodò lórí ọ̀kadà léèwọ̀ nínú ìlú. Kí ó fi omi àti ìbòjì sí ibi gbogbo tí a ti ń ta ẹran láàyè, kí owó ibẹ̀ ti inú owó ọjà tí ó ń gbà jáde. Kí ó ya ibi tí a ti ń pa ẹran sọ́tọ̀ kúrò níbi tí àwọn mìíràn dúró sí. Kí ó sì fi àṣẹ náà lé àwọn olórí ọjà àti ẹgbẹ́ alápatà lọ́wọ́, nítorí wọ́n wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Òfin tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ kò wúlò. Abala 495 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ti ka ìwà ìkà sí ẹran sí ẹ̀ṣẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50 lónìí kò ra ohun kan tó nílárí, ewúrẹ́ sì ṣì ń dé lórí ọkọ̀ ní dídì.

Àwọn ímáàmù ní iṣẹ́ kan ṣáájú Iléyá, àwọn pásítọ̀ àti fadà ṣáájú Kérésì, àwọn àgbà ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣáájú ọdún wọn: kí wọ́n sọ ọ́ níwájú ìjọ pé bí a ṣe gbé ẹran wá sí ilé jẹ́ ara ẹ̀sìn. Ìlú á gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ju bó ṣe máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá lọ.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń rajà ni ọ̀rọ̀ náà pin sí. Ẹni tó ń ta ẹran ń wo ohun tí a fẹ́. Bí a bá béèrè adìẹ inú àgò, wọ́n á gbé e sínú àgò. Bí a bá kọ̀ láti ra ẹran tí ìyà ti jẹ bà jẹ́, wọn kò ní í máa fi ìyà jẹ ẹ́ fún wa mọ́. Yóò wọ́n díẹ̀ sí i, a ó sì jẹ ẹ́ níwọ̀n. Owó gidi tí ẹran ń ná nìyẹn. Ó tó àkókò kí àwa tí a fẹ́ jẹ ẹ́ máa fúnra wa san án, kí a yé gbé e lé ọrùn ẹran.